Ìdọ̀bálẹ̀ Ọjọ́ Ẹtì

Àárín àdúrà ni fóònù ti kọ́kọ́ dún. Bàbá Ọládèjì, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́dìnì ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ẹni tí kì í fi àdúrà ṣeré, ti di ojú, ó ń bẹ Ọlọ́run kí ó bá wọn so ọmọ méjèèjì pọ̀, ni fóònù bá han nínú àpò agbádá ẹnìkan. Onítọ̀hún sáré pa á. Òmíràn tún han nínú báàgì obìnrin kan. Kò pẹ́ kò jìnnà, gbogbo pálọ̀ òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì wọn ní Bẹẹrẹ ti ń dún ganran-ganran, àfi bí ẹni pé gbogbo Ìbàdàn ló fẹ́ bá wọn dá sí àdúrà náà.

Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ni wọ́n ń ṣe. Ẹbí ọkọ ti wá láti Bẹ́yẹrúnkà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ èso, wọ́n ti jókòó, wọ́n ti dárúkọ ara wọn. Tẹniọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá Ọládèjì bí, wà nínú yàrá, ó ń tọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, ó ń retí kí wọ́n pe òun jáde. Ó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ sáré ṣe "Àmín" láì tí ì dé ibi tí àmín wà. Ó gbọ́ tí ìyá ọkọ rẹ̀ ké, "Jésù!" Igbe náà kì í ṣe ti ìyìn. Tẹniọlá bá jáde sí wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é, ohun tí ìyàwó ojú ọ̀nà kì í ṣe.

Ọ̀kan nínú ẹbí ọkọ ti gbé ohùn rédíò sókè lórí fóònù rẹ̀. "Ayọ̀mikún, agbábọ́ọ̀lù iwájú fún ẹgbẹ́ Ìràwọ̀ Màpó, ẹni tí ẹ mọ̀ sí Ìjì, ni ìgbìmọ̀ ìbáwí líìgì ti ní kó lọ rọ́kún nílé láti òní lọ. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó ń ta àṣírí ara rẹ̀ fún àwọn atatẹ́tẹ́. Bí ó bá jẹ̀bi, kò ní í gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láyé rẹ̀."

Ayọ̀mikún fúnra rẹ̀ wà lórí ìjókòó nínú agbádá funfun. Ẹni tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn máa ń pariwo orúkọ rẹ̀ ní pápá kò lè sọ ju "Irọ́ ni" lọ, ohùn rẹ̀ sì kéré débi pé àwọn tó jókòó tì í nìkan ló gbọ́. Nọ́ọ̀sì Bertha, ìyá Tẹniọlá, ń gbé tíréè ohun mímu bọ̀ láti ilé ìdáná nígbà náà. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Tíréè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìgò fọ́ káàkiri, kò sì wo ilẹ̀ rárá.

Gbogbo wọn rò pé àánú ọmọ náà ló ṣe é. Tẹniọlá náà rò bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ọládèjì bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. "Ẹ̀yin ẹbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé èso yín," ó ní. "Tẹ́tẹ́ ò gbọdọ̀ wọ ilé mi. Ẹ má bínú."

Bí wọ́n ṣe gbé ọsàn àti ọ̀pẹ̀yìnbó sọ̀kalẹ̀ nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni kò bẹ.

*

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí ìfẹ́ tó parí sórí ìgò fífọ́ yẹn kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ eré ìje ní ilé ìwé kan lápá Yemẹtù, níbi tí Tẹniọlá ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, ni àwọn méjèèjì pàdé. Wọ́n pe Ìjì kó wá fún àwọn tó bá borí ní ife ẹ̀yẹ. Àwọn ọmọ rọ̀ mọ́ ọn, wọ́n gun mọ́tò rẹ̀, àwọn tíṣà tó yẹ kó lé wọn wá ń ya fọ́tò. Tẹniọlá nìkan ló mú gbohùngbohùn.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ kó mọ́tò yín kúrò lórí ìlà. Ibẹ̀ làwọn ọmọ fẹ́ sáré gbà."

Ìjì wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Èmi?"

"Ẹ̀yin ni. Àbí mọ́tò méjì ló wà lórí ìlà?"

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Ó kó mọ́tò kúrò. Nígbà tí gbogbo èèyàn ti lọ tán, ó wá bá a níbi tó ti ń ká okùn. "Tíṣà, mo ti kó mọ́tò. Ṣé ẹ máa fún mi ní máàkì?" Tẹniọlá kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ló já mọ́ ọn lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà, bí fóònù rẹ̀ bá ti dún, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ tàn kí ó tó mọ ẹni tó ń pè.

Àmọ́ Bàbá Ọládèjì kò fẹ́ gbọ́. "Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ jẹun? Mo rán ẹ lọ yunifásítì, o mú agbábọ́ọ̀lù bọ̀? Gbọ́ mi dáadáa, Tẹniọlá, níbi tí bọ́ọ̀lù bá wà, tẹ́tẹ́ ò jìnnà síbẹ̀." Yàtọ̀ sí èyí, Aládùúrà ni ẹbí Ayọ̀mikún, ìyá rẹ̀, Morádéyọ̀, sì ń ta ìkòkò àti abọ́ ní Ọjà'ba. Bàbá kò sọ èyí síta, àmọ́ ó wà lójú rẹ̀.

Àǹtí Edith, àbúrò ìyá Tẹniọlá, ló ṣe alárinà. Obìnrin yìí lè bá òkúta sọ̀rọ̀ kí òkúta yí ọkàn padà. Ó ń lọ sí Bẹ́yẹrúnkà, ó ń bọ̀ ní Bẹẹrẹ, ó ń gbé oyin sẹ́nu fún tọ̀tún tòsì. Ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì Bertha gan-an ló ṣẹ́gun ọkọ rẹ̀. "Bàbá Tẹni," ó ní, "ẹ̀yin náà, kí lẹ jẹ́ nígbà tẹ́ ẹ wá fẹ́ mi? Ẹ jẹ́ kọ́mọ náà máa wá, ká wo ìwà ẹ̀."

Bàbá wá gbà, ṣùgbọ́n ó so àdéhùn mọ́ ọn. "Èèyàn tí gbogbo ayé ń pọ́n lé, ó yẹ kí ó rí ilẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí ó máa wá kí wa níbí, kí ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kí àyà ẹ̀ kan ilẹ̀. Ohun tí bàbá àna mi fi ojú mi rí nìyẹn, kò sì pa mí."

Àdéhùn náà dun Tẹniọlá, àmọ́ Ayọ̀mikún rẹ́rìn-ín ni. Láti ọjọ́ náà, bí ọjọ́ Ẹtì bá ti pé, tí ó bá ku ọjọ́ méjì kí ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ pápá lọ́jọ́ Sọ́ńdè, á gun àtẹ̀gùn ilé wọn wá, á bọ́ bàtà, á nà gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. Bàbá á jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ kó tó ní "Dìde." Nọ́ọ̀sì Bertha á wà lórí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, á máa hun súwẹ́tà ọmọ ọwọ́, kò sì ní í gbé ojú kúrò lára àna rẹ̀ láti ìgbà tó bá wólẹ̀ títí dìgbà tó bá dìde.

"Màmá fẹ́ràn rẹ ju bí wọ́n ṣe fẹ́ràn èmi lọ," Tẹniọlá máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Wọn ò wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn rí."

Inú Ayọ̀mikún máa ń dùn bó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀.

*

Lẹ́yìn tí rédíò sọ ohun tó sọ, ìlú dàrú. Àwọn tó ya àwòrán Ìjì sẹ́yìn ọ̀kadà ní Ọjà'ba fi ọ̀dà pa á rẹ́. Ní kíláàsì, bí Tẹniọlá bá ti kọjú sí pátákó, ó ń gbọ́ tí àwọn ọmọ ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. Ó ń kọ́ wọn ní òkè àti odò, orí rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé ọkùnrin tó ń béèrè máàkì lọ́wọ́ òun ló ń ta ara rẹ̀ lẹ́yìn? Ó fẹ́ bínú, ìfẹ́ kò jẹ́. Ó fẹ́ fẹ́ràn, ẹ̀rù kò jẹ́.

Àǹtí Edith ló ṣètò kí wọ́n rí ara wọn níbi àtẹ̀gùn Màpó nírọ̀lẹ́. Ayọ̀mikún ti dé fìlà bo iwájú orí. Ó ti rù. Tẹniọlá kò kí i.

"Ṣé o tà á?"

"Mi ò ta nǹkan kan."

"Wọ́n ní gbogbo ìgbà tí o ò bá ní í gbá góòlù wọlé làwọn kan ti ń mọ̀ ṣáájú."

"Òótọ́ ni wọ́n sọ níbẹ̀ yẹn." Ó mí kanlẹ̀. "Tẹni, orúnkún mi ti bà jẹ́ láti ọdún tó kọjá. Mi ò sọ fún dókítà ẹgbẹ́, mi ò sọ fún kóòṣì, mi ò sọ fún ìyá mi. Ẹgbẹ́ kan lókè òkun fẹ́ rà mí. Bí wọ́n bá gbọ́ orúnkún, ó parí nìyẹn. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni mò ń di bándéèjì mọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà mọ èyí tó ń dùn mí. Ìrora náà máa ń lọ, ó máa ń padà wá. Lọ́sẹ̀ tí ó bá dé, abẹ́rẹ́ apàrora ni mo fi ń wọ pápá."

Ẹnu ya Tẹniọlá.

"Àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ yìí ò ṣì í rí," Ayọ̀mikún ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Lọ́sẹ̀ tó bá ń dùn mí, wọ́n á ní mi ò ní í gbá a wọlé. Lọ́sẹ̀ tí ò bá dùn mí, wọ́n á ní màá gbá a wọlé. Owó ńlá ni. Ìgbìmọ̀ bi mí pé ta ló mọ̀ nípa orúnkún yìí. Mo ní èmi nìkan ni. Ọ̀gá wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, 'O ti dá ara ẹ lẹ́jọ́ nìyẹn.'"

"O ò sọ fún èmi náà."

"Mi ò fẹ́ kí o máa dààmú ni."

"Ayọ̀, ẹni tó lè di bándéèjì mọ́ ẹsẹ̀ tí ò dùn ún, kó lè fi tan gbogbo ayé jẹ, kí ni kò lè fi tan èmi náà jẹ?"

Tẹniọlá sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn náà láì wẹ̀yìn. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó rí i pé òun ń sunkún níṣojú àwọn ọlọ́jà, kò sì bìkítà.

Nílé, ohun tó ya òun àti bàbá rẹ̀ lẹ́nu jù ni ti Nọ́ọ̀sì Bertha. Kò jẹun. Abẹ́rẹ́ ìhunṣọ rẹ̀ wà nílẹ̀, kò mú un. Nígbà tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ ìwàásù rẹ̀ lórí tẹ́tẹ́ àti ọmọ àwọn aráyé, ó kàn dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ẹ fi ọmọ yẹn lọ́rùn sílẹ̀. Kò ṣe é."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mo kàn mọ̀ ni."

Ó yí ojú sí ògiri. Àǹtí Edith rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ́ẹ̀, àánú ṣe é, ó sì lọ bá Bàbá Ọládèjì. "Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó yín ti fẹ́ kú sórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà wá lẹ́ẹ̀kan péré, kó fẹnu ara ẹ̀ rojọ́. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lé e." Nítorí aya rẹ̀, Bàbá gbà. Ó ní kó wá lọ́jọ́ Ẹtì.

*

Ayọ̀mikún mú ìyá rẹ̀ dání. Morádéyọ̀ kò fi gèlè ńlá wé orí lọ́jọ́ náà, aṣọ funfun àdúrà rẹ̀ ló wọ̀, ẹsẹ̀ lásán ló sì fi gun àtẹ̀gùn, bí ẹni ń lọ síwájú pẹpẹ. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó jókòó sórí àga kan nítòsí ilẹ̀kùn. Tẹniọlá dúró sẹ́yìn àga ìyá rẹ̀. Kò fẹ́ wo Ayọ̀mikún, ojú rẹ̀ sì kọ̀, ó ń wò ó.

"Ẹ káalẹ́ o, sà. Ẹ káalẹ́, mà." Ayọ̀mikún wólẹ̀ gbalaja bí ó ti máa ń ṣe. Àyà rẹ̀ kan kápẹ́ẹ̀tì.

Bàbá jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀. "Wọ́n ní ìwọ nìkan lo mọ̀ pé orúnkún ń dùn ọ́. Ta lo wá sọ fún?"

"Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, sà," ni ohùn rẹ̀ wí láti ilẹ̀. "Kódà títí di bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ìgbìmọ̀ gan-an ò mọ orúnkún tó jẹ́. Wọn ò bi mí."

"Ẹnikẹ́ni ò mọ̀, síbẹ̀ ayé ń fi í ta tẹ́tẹ́. Ṣé àǹjọ̀nnú ló sọ fún wọn? Dìde."

Ayọ̀mikún fọwọ́ ọ̀tún ti ilẹ̀, ó fẹ́ dìde. Ojú rẹ̀ fà díẹ̀.

"Rọra, Ayọ̀," ni Nọ́ọ̀sì Bertha wí, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. "Má fi ara lé ti òsì yẹn. Ó tún ti wú."

Ayọ̀mikún dúró lórí eékún kan, kò dìde, kò sì wólẹ̀ padà. Ó ń wo ìyá ìyàwó rẹ̀.

"Mà," ó ní jẹ́jẹ́, "báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ti òsì ni?"

Tẹniọlá wo orí ìyá rẹ̀ láti ẹ̀yìn àga. Ó rí bí ọrùn obìnrin náà ṣe le gbagidi. Ní ìṣẹ́jú náà, ohun gbogbo tí ojú rẹ̀ ti rí lọ́jọ́ Ẹtì lọ́jọ́ Ẹtì padà wá bá a: abẹ́rẹ́ ìhunṣọ tí kì í dáwọ́ dúró, ojú ìyá rẹ̀ tí kì í kúrò lára ọkùnrin tó wà nílẹ̀.

"Màmá," ó ní. "Màmá, ẹ sọ pé kì í ṣe ohun tí mò ń rò."

Nọ́ọ̀sì Bertha bo ojú. Ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, ọkọ rẹ̀ ló dojú kọ.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí ó máa wá. Ẹ̀yin lẹ ní kí àyà ẹ̀ máa kan ilẹ̀. Ibí yìí ni mo jókòó sí tí mò ń wò ó. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, bí aboyún bá ti ń wọlé, ẹsẹ̀ ẹ̀ ni mò ń wò, mo ti mọ èyí tó máa bí lọ́jọ́ náà. Èyí ò ṣòro rárá. Bó bá dìde fùú, mo mọ̀ pé ó máa gbá góòlù wọlé. Bó bá kọ́kọ́ fọwọ́ ọ̀tún ti ilẹ̀, tó wá rọra fa ẹsẹ̀ òsì jọ, mo mọ̀ pé kò sí góòlù lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

"Ta lo sọ fún?" Bàbá béèrè.

"Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni." Ó gbé ojú sókè. "Èmi fúnra mi ni mò ń fi í ta tẹ́tẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù Ọláyíwọlá, nísàlẹ̀ yìí, níbi tí mo ti ń ra káàdì fóònù. Owó táṣẹ́rẹ́ ni, ẹ gbà mí gbọ́. Kì í ṣe nítorí owó. Látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, ilé yìí dákẹ́ jù. Ó kàn dùn mọ́ mi pé mo mọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Mi ò mọ̀ pé Ọláyíwọlá ti rí i pé n kì í ṣì í. Ó ń fi owó tiẹ̀ tẹ̀ lé mi, ó ń pe àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ l'Ékòó, wọ́n ń fi owó ńlá tẹ̀ lé e. Ọjọ́ tí rédíò sọ̀rọ̀ ni mo tó mọ̀."

Bàbá Ọládèjì, ẹni tó ti fi tẹ́tẹ́ wàásù títí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì fi mọ̀ ọ́n sórí, jókòó bí ẹni tí wọ́n gbé ka ibẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Morádéyọ̀ ló kọ́kọ́ fọhùn. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín, ẹ̀rín burúkú. "Ìyá ìyàwó! Ẹ̀yin tí mò ń torí yín gba ààwẹ̀ ọpẹ́! Mo ń sọ fún gbogbo Bẹ́yẹrúnkà pé obìnrin kan wà ní Bẹẹrẹ tó fẹ́ràn ọmọ mi bí ẹni pé òun ló bí i. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́!"

"Mo fẹ́ràn ẹ̀," Nọ́ọ̀sì Bertha ní. "Ẹ má gba ìyẹn lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ràn ọmọ náà."

Bóyá ọ̀rọ̀ náà ló dun Tẹniọlá jù, nítorí ó mọ̀ pé òótọ́ ni.

Bàbá Ọládèjì gbé ọwọ́ sókè. Ohùn rẹ̀ ti di ohùn ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọ. "Ayọ̀mikún, jókòó, ọmọ mi." Kò pè é ní ọmọ rí. "Ìwà tí wọ́n hù yìí burú, mi ò gbè é. Ṣùgbọ́n àwa tó wà níbí nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ́ ni ẹ́, ọwọ́ rẹ pé, o lè rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Tiwa, bí ó bá jáde, ojú wo la máa fi wọ ṣọ́ọ̀ṣì? Bí o bá lè gbà á mọ́ra, kí o má dárúkọ ìyá rẹ yìí níwájú ìgbìmọ̀, mo fún ọ lọ́mọ mi lónìí. Mi ò gba kọ́bọ̀."

Tẹniọlá rò pé etí òun ló ń tan òun. Ó wo bàbá rẹ̀. Awò ojú náà ni, irun funfun náà ni, ẹnu tó ń ka Ìwé Mímọ́ lọ́jọ́ ìsinmi náà ni.

Ayọ̀mikún kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Mo gbà, sà."

"Ayọ̀mikún!" Ìyá rẹ̀ fò dìde. "Ṣé orí ẹ pé?"

"Màámi, Tẹni ni mo fẹ́. Bọ́ọ̀lù á tán lọ́jọ́ kan. Mi ò sì lè mú ìyá ìyàwó mi lọ síwájú ìgbìmọ̀."

Àwọn kan á sọ pé ìfẹ́ nìyẹn. Tẹniọlá jáde kúrò lẹ́yìn àga.

"Èmi ò gbà."

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Dádì, ẹ ní tẹ́tẹ́ ò gbọdọ̀ wọlé yìí. Kí lẹ wá ń ta lọ́wọ́ báyìí? Èmi kì í ṣe owó tí ẹnì kan jẹ nídìí tẹ́tẹ́. Ìwọ náà, Ayọ̀, o tún fẹ́ di bándéèjì mọ́ ibi tí ò dùn ọ́. O fẹ́ kí n wọlé ọkọ pẹ̀lú irọ́ yìí, kí n máa gbọ́ tí wọ́n ń pè ọ́ lólè níta, kí n dákẹ́, kí n bí ọmọ sínú ẹ̀. Bí o bá gbé ẹ̀bi yìí lọ síwájú wọn, mi ò fẹ́ ọ mọ́. Mo fẹ́ràn rẹ, mi ò sì ní í fẹ́ ọ." Ó kọjú sí ìyá rẹ̀. "Màmá…"

Ta ló ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó lọ dójú ti ara rẹ̀?

Ní ìsàlẹ̀, ẹnìkan ń pariwo góòlù nínú ṣọ́ọ̀bù Ọláyíwọlá. Nọ́ọ̀sì Bertha gbọ́ ọ, gbogbo wọn ló gbọ́ ọ. Ó dìde, ó wọ bàtà.

"Tẹni, bá mi mú gèlè mi wá," ó ní. "Níbo ni ìgbìmọ̀ yẹn wà?"

*

Ó lọ. Tẹniọlá bá a lọ, ó dì í lọ́wọ́ mú ní gbogbo ìgbà tó ń sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ṣì ń bí i sí i débi pé kò lè wò ó lójú. Ìgbìmọ̀ náà kọ́kọ́ rò pé orí ìyá àgbà ló ń dà rú. Nígbà tí wọ́n mú Ọláyíwọlá, tí ó jẹ́wọ́, ẹnu wọn ò lè padé mọ́. Wọ́n dá Ayọ̀mikún láre lórí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́, wọ́n bá a wí nítorí àìsàn tó fi pamọ́. Ẹgbẹ́ òkè òkun kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún orúnkún náà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò láti ìpìlẹ̀.

Bàbá Ọládèjì kọ iṣẹ́ wọ́dìnì sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìjókòó ẹ̀yìn ni òun àti aya rẹ̀ ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Ní Ọjà'ba, wọ́n ń sọ ìtàn ìyá ìyàwó tó ta tẹ́tẹ́ lórí orúnkún àna rẹ̀, àwọn tó ń gbọ́ ọ sì ń fọwọ́ lẹ́rán. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, ṣùgbọ́n òun ni Tẹniọlá fẹ́ fi ṣe ẹrù lọ ilé ọkọ.

Ọdún yípo kí wọ́n tó ṣe ìdána. Pálọ̀ náà ni wọ́n ti ṣe é, láìpe ìlú jọ. Gbogbo rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́ títí ó fi kan ìdọ̀bálẹ̀ ìkẹyìn, èyí tí ọkọ máa ń ṣe kí àwọn òbí ìyàwó tó gbàdúrà lé e lórí. Ni Nọ́ọ̀sì Bertha bá dìde.

"Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí yàrá. Bó bá dìde tán, ẹ pè mí."

Àwọn èèyàn wo ara wọn. Morádéyọ̀, ẹni tí kò tí ì bá a sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ló dá a lóhùn. "Níbo la ti rí i pé ọkọ ń dọ̀bálẹ̀ fún àga òfìfo? Ẹ jókòó, ìyá ìyàwó. Ẹ jókòó kí ọmọ yín kí yín."

Ó pè é ní "ọmọ yín." Nọ́ọ̀sì Bertha padà jókòó, omi ti dé ojú rẹ̀. Ó fa ìborùn rẹ̀ sílẹ̀, ó fi bo ojú méjèèjì dáadáa, ó sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Tẹniọlá wà láàárín àwọn òbí rẹ̀, bí àṣà. Ayọ̀mikún wá, ó wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì nà gbalaja. Àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Bàbá Ọládèjì kò jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀ rárá. "Dìde, dìde, ọmọ mi."

Tẹniọlá rí i. Ọwọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì kò tí ì mira. Bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Sọ́ńdè, ló fẹ́ padà wọ pápá fún ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo Ìbàdàn sì ń retí rẹ̀. Nínú gbogbo èrò inú pálọ̀ yẹn, òun nìkan ló mọ̀. Ó yà á lẹ́nu, ó sì bà á lẹ́rù, pé ó dùn mọ́ òun díẹ̀.

Kí Ayọ̀mikún tó fa ẹsẹ̀ òsì jọ, Tẹniọlá ti fò dìde láàárín àwọn òbí rẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ìbòjú àti ìlẹ̀kẹ̀, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ méjèèjì mú, ó sì fà á sókè. Àwọn obìnrin hó yèè. "Ìyàwó ò lè dúró mọ́ o! Ẹ wo ojú kòkòrò!" Ẹ̀rín gba gbogbo ilé, kò sì sẹ́ni tó rí bí ọkọ ṣe dìde.

"Lọ́la, kóo tó wọ pápá, wàá sọ fún kóòṣì," ó sọ ọ́ sí i létí.

Ayọ̀mikún wò ó, ẹnu yà á. Lẹ́yìn náà ó mi orí pé òun gbà.

Lábẹ́ ìborùn, Nọ́ọ̀sì Bertha béèrè pé, "Ṣé ó ti dìde?"

"Ó ti dìde, Màmá," ni Tẹniọlá dá a lóhùn. "Èmi ni mo fà á."